Kọ́nà Méjì Tó So Mọ́ra: Ìtàn Ìlà Tó Yá Jù Lọ, Láti Ojú Títì Dé Inú Géèmù

Ẹ̀yin tí ẹ fi íápíìsì sétí, ẹ kú ìgbádùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á nítorí pé dátà ò tó láti gbọ́ ọ, ẹ kú ìfaradà, torí tiyín la ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ bá yí lónìí. Bí kọ́nà méjì bá so mọ́ra, tí ìkíní yà sí òsì, tí ìkejì sì yà sí ọ̀tún kí mọ́tò tó nà tán, ibo lèèyàn máa gbà kó lè yá jù lọ? Ẹni tó bá ti gbá Need for Speed, Gran Turismo tàbí Asphalt rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ wọ kọ́nà àkọ́kọ́ bí ẹni tí iná ń lé, inú yín ń dùn, àfi bí ẹ ṣe dé ìkejì tí mọ́tò gba inú koríko lọ. Ọ̀rẹ́ yín tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wá kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ní ìtàn. Ìtàn náà gba Ítálì, ó gba Japan, ó gba Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀, ó sì kan títì tí èmi ń gbà láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ àti Èmùré. Kì í ṣe ìtàn eré ọmọdé lásán, àwọn èèyàn kú nínú rẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé tí géèmù ń fà síwájú wa lórí fóònù kì í sọ ibi tó ti wá fún wa. Ẹ jẹ́ ká lọ wá a.

Ta ló kọ́kọ́ yan ibi tí ọ̀nà máa gbà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹni tó bá ti gba Àkúrẹ́ wọ Ìkẹ́rẹ́ kó tó kọjá sí Adó ti rí àwọn àpáta wa. Olósunta dúró gbagidi sórí ìlú, ọ̀nà kankan ò sì lè la àárín rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà ní láti yí i po. Ibi tí ọ̀nà bá ti ń yí òkè po, ibẹ̀ ni kọ́nà ti ń bí kọ́nà.

Ẹ̀rí kan wà nípa bí wọ́n ṣe ń rìn lọ́nà wọ̀nyí kí mọ́tò tó dé, ti Ìkẹ́rẹ́ sì ni. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, ẹ máa rí Ògògà lórí ìtẹ́ tó ń gba àlejò. Àlejò náà ni Captain Ambrose, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó yìí ò fẹsẹ̀ rìn, inú ohun tí wọ́n fi ń gbé èèyàn ló jókòó sí, àwọn tó rù ú ló ń fẹsẹ̀ rìn. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Kò padà wálé mọ́. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà, àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà.

Ẹ wo àwọn tó ru Captain Ambrose. Ẹni tó ru ẹrù kì í wá ọ̀nà tó yá. Ọ̀nà tí orúnkún rẹ̀ lè gbà ló ń wá, ibi tí òkè ò ti ní ga jù, ibi tí ilẹ̀ ò ti ní yọ̀. Mọ́tò dé lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n àpáta ò kúrò níbi tó wà. Ìyẹn ni pé kọ́nà ojú títì wa ò bá eré mọ́tò ṣọ̀rẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òkè ló dá wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ohun tí táyà lè gbé

Kí ló dé tí ibi tí èèyàn gbà nínú kọ́nà fi ṣe pàtàkì? Táyà ló ń di ilẹ̀ mú, agbára tó sì fi ń dì í mú ní òdiwọ̀n. Bí kọ́nà bá ṣe ká tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa lo agbára náà tó.

Ká ní ilẹ̀ gbẹ, táyà dára, agbára tó fi ń di ilẹ̀ mú sì tó ìwúwo mọ́tò fúnra rẹ̀. Bí mọ́tò bá ń yí òbìrípo tó jẹ́ mítà 25 láti àárín dé etí, eré tó lè sá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 56 ní wákàtí kan. Bí òbìrípo náà bá fẹ̀ dé mítà 100, eré náà di nǹkan bíi 113. Òbìrípo di ìlọ́po mẹ́rin, eré di ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yá nínú kọ́nà gbọ́dọ̀ sọ kọ́nà náà di ńlá. Kò lè gbé títì gbòòrò, ṣùgbọ́n ó lè lo gbogbo fífẹ̀ rẹ̀. Á wọlé láti etí òde, á sún mọ́ etí inú ní àárín, á sì jẹ́ kí mọ́tò fẹ̀ padà sí etí òde bó ṣe ń jáde. Ibi tó ti sún mọ́ etí inú jù lọ ni àwọn awakọ̀ ìdíje ń pè ní apex. Èmi máa pè é ní igun inú nínú ètò yìí. Ọ̀nà tí mọ́tò gbà láti òde dé igun inú dé òde, ìyẹn ni ìlà.

Bó ṣe rí nìyẹn bí kọ́nà bá jẹ́ ẹyọ kan. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá di méjì tó so mọ́ra.

Ẹ yà á sórí bébà. Kọ́nà ìkíní yà sí òsì, ìkejì yà sí ọ̀tún. Bí ẹ bá sá ìkíní bó ṣe dùn jù lọ, mọ́tò máa fẹ̀ jáde sí etí ọ̀tún títì. Ṣùgbọ́n etí ọ̀tún yẹn gan-an ni etí inú kọ́nà ìkejì! Ẹ ti dé ibi tí kò yẹ kí ẹ wà. Láti ibẹ̀, òbìrípo tó kù fún yín ti kéré, ẹ máa tẹ bíréèkì dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní lè fún mọ́tò níná títí ẹ máa fi jáde tán. Ẹni tó gbọ́n máa fi nǹkan sílẹ̀ nínú ìkíní. Á dín eré kù ṣáájú, á pẹ́ kó tó kan igun inú, á sì rọ̀ mọ́ apá òsì títì títí á fi dé ẹnu kọ́nà ìkejì. Nígbà yẹn, gbogbo fífẹ̀ títì wà níwájú rẹ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kọ́nà ìkíní gùn ní mítà 50. Ẹni tó sá a ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan lo ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹni tó fara balẹ̀, tó sá a ní 55, lo 3.27. Àdánù rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn kọ́nà ìkejì, títì tó nà gbọnrangandan wà, tó gùn ní kìlómítà kan. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá gba ibẹ̀ ní 100, á lo ìṣẹ́jú àáyá 36. Bí ẹnìkejì bá gbà á ní 105, nítorí pé ó jáde dáadáa, á lo 34.3. Ó jèrè 1.7. Nínú ìdíje gidi, mọ́tò kì í sá eré kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà èrè náà máa ń kéré ju báyìí lọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ò yí padà: ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ẹ má wo kọ́nà tí ẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ wo èyí tó kẹ́yìn, kí ẹ wá ṣírò padà sẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbá géèmù ṣe máa ń jà lórí àwọn kọ́nà S ti Suzuka ní Japan, pápá tí wọ́n ṣí ní 1962, àti lórí Maggotts, Becketts àti Chapel ní Silverstone nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tún ṣe ní 1991. Ní Silverstone, ojú ọ̀nà gígùn tí wọ́n ń pè ní Hangar Straight ló wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ṣe ojúkòkòrò ní Maggotts, Hangar Straight ló ti máa san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀ńjíníà tó ya ìlà náà

Àwọn awakọ̀ mọ ọgbọ́n yìí nínú ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ara àwọn tó fi bébà, rúlà àti ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ayé ni Piero Taruffi, ará Ítálì. Ẹ̀ńjíníà ni, awakọ̀ ìdíje sì ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìwé rẹ̀ tí wọ́n pè ní The Technique of Motor Racing lédè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Nínú rẹ̀ ló ti fi àwòrán àti nọ́ńbà ṣàlàyé ibi tó yẹ kí mọ́tò gbà nínú kọ́nà ẹyọ kan àti nínú èyí tó so mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kí ìwé náà tó délé àwọn èèyàn.

Ìdíje kan wà ní Ítálì tí wọ́n ń pè ní Mille Miglia. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1927. Láti Brescia lọ sí Róòmù, kí wọ́n tún padà sí Brescia, nǹkan bíi kìlómítà 1,600, lójú títì tí aráàlú ń gbà lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn máa ń tò sí etí ọ̀nà, àtọmọdé àtàgbà, mọ́tò á máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fìrì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1957, Taruffi gba ipò kìíní nínú rẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò Ferrari. Ẹni ọdún 50 ni.

Lọ́jọ́ kan náà, nítòsí abúlé Guidizzolo, táyà Ferrari mìíràn bẹ́. Alfonso de Portago ló ń wa mọ́tò náà. Òun kú, Edmund Nelson tó jókòó tì í kú, àwọn mẹ́sàn-án tó dúró létí ọ̀nà láti wòran náà kú. Ọmọdé ni márùn-ún nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn.

Bí Mille Miglia ṣe parí nìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìdíje eré àsápajúdé. Taruffi náà fi ìdíje sílẹ̀. Ẹni tó ya ìlà náà fún wa ló gba ipò kìíní nínú ìdíje tó jẹ́ kí ilẹ̀ Ítálì sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, títì aráàlú kì í ṣe pápá eré. Lójú tèmi, ẹ ò lè gba ìlà náà lọ́wọ́ Taruffi kí ẹ má gba ọjọ́ yẹn pẹ̀lú.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Láti 1978 títí dé 1992, ìdíje Rally ti Côte d'Ivoire wà lára ìdíje rally àgbáyé. Nínú rally, awakọ̀ ò lè há gbogbo ọ̀nà sórí. Ẹnìkan máa ń jókòó tì í tó ń ka ìwé fún un: kọ́nà tó ń bọ̀ yìí yà sí òsì, ó ká díẹ̀, ó sì so mọ́ òmíràn tó yà sí ọ̀tún tó ká gan-an. Etí ni awakọ̀ fi ń rí kọ́nà kejì kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ẹ rántí èyí náà.

Bí ìlà ṣe wọ inú géèmù

Ní 1974, iléeṣẹ́ Atari gbé Gran Trak 10 jáde. Àpótí ńlá ni, ó ní sítíárín, ó ní jíà, ó ní ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Òkè lèèyàn ti ń wo pápá, bí ẹyẹ. Kọ́nà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pápá náà ò ju ààmì funfun lójú dúdú lọ.

Ní 1982, Namco ti Japan gbé Pole Position dé. Ẹ̀yìn mọ́tò lèèyàn ti ń wò báyìí, pápá Fuji gidi ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní 1984, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Geoff Crammond, ṣe Revs fún kọ̀ǹpútà BBC Micro. Mẹ́mórì kọ̀ǹpútà náà ò ju kìlóbáìtì 32 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín ju ìyẹn lọ fíìfíì. Síbẹ̀, Crammond gbìyànjú láti jẹ́ kí táyà hùwà bíi táyà, kí Silverstone sì jọ Silverstone. Nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ ìlà ò lè yá. Ní 1991, Crammond yìí kan náà gbé Formula One Grand Prix jáde, ó sì fi nǹkan tuntun kan sí i: ẹ lè tẹ bọ́tìnì kan kí géèmù ya ìlà tó dára jù sójú títì fún yín.

Lẹ́yìn náà ni Gran Turismo dé ní 1997, iṣẹ́ Kazunori Yamauchi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan. Ó tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbá a rí máa rántí láísẹ́ńsì. Kí géèmù tó jẹ́ kí ẹ wọ ìdíje tó le, ó máa ní kí ẹ wá ṣe ìdánwò: ẹ tẹ bíréèkì síbí, ẹ gba kọ́nà yìí láàárín àkókò báyìí, ẹ má kan koríko. Sùúrù ló fi ń kọ́ èèyàn.

Ní 2005, Forza Motorsport dé lórí Xbox, ó sì fi àwọ̀ sí ìlà. Àwọ̀ ewé: máa lọ. Àwọ̀ ìyeyè: rọra. Pupa: tẹ bíréèkì. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ géèmù mọ́tò ti gba irú ìlà bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ni èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀.

Ìlà náà tún jáde kúrò nínú géèmù. Ní 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ GT Academy, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn tó dára jù nínú Gran Turismo lọ wa mọ́tò ìdíje gidi. Lucas Ordóñez ará Sípéènì ló kọ́kọ́ gbà á. Ní 2011 ó kan Jann Mardenborough, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé yàrá ló ti kọ́ kọ́nà. Sinimá tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ jáde ní 2023. Ó fi hàn pé ohun tí èèyàn bá kọ́ nínú géèmù lè ṣiṣẹ́ lójú pápá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2015, ní Nürburgring ní Jámánì, mọ́tò rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ó fò kọjá ọgbà, òǹwòran kan sì kú. Pápá tí wọ́n ṣe fún eré ni, ọgbà wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní 2022, iléeṣẹ́ Sony kéde Gran Turismo Sophy, kọ̀ǹpútà tó kọ́ ìlà fúnra rẹ̀. Wọn ò ya ìlà fún un. Wọ́n kàn ń fún un ní máàkì bó bá tètè lọ síwájú, wọ́n sì ń yọ máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá kan ògiri tàbí tó kọ lu ẹlòmíràn. Nínú ìdíje tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ó na àwọn ọ̀gá nínú géèmù náà. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé wọ́n ní láti kọ́ kọ̀ǹpútà náà pé àwọn ẹlòmíràn wà lójú ọ̀nà. Eré sísá nìkan ò tó.

Ìlà lórí fóònù wa

Ní báyìí, fóònù ni pápá. Real Racing 3 dé ní 2013, Asphalt 9 dé ní 2018. Asphalt 9 ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní TouchDrive: géèmù fúnra rẹ̀ ló ń yí sítíárín. Tiyín ni kí ẹ yan ọ̀nà, kí ẹ fò, kí ẹ tan náítírọ̀. Àwa náà kò sùn: iléeṣẹ́ Maliyo Games ní Èkó, tí Hugo Obi dá sílẹ̀, ṣe Okada Ride, níbi tí èèyàn ti ń gun ọ̀kadà.

Mo máa ń lọ jókòó ní ilé géèmù kan ní Ìkẹ́rẹ́, láti gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọdún mẹ́rìnlá lọ gba kọ́nà mẹ́ta tó so mọ́ra láìfara kan ibì kankan. Ó wọlé láti òde, ó kan igun inú, ó jáde sí òde, bí ẹni pé Taruffi ló kọ́ ọ. Mo kí i, mo ní ó kú iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe ń gun ọ̀kadà bọ̀dá mi lọ sí Ìsẹ̀ náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Òun ló bí ètò tòní.

Ohun mẹ́ta tí géèmù ò sọ

Ìlà tó yá jù lọ dúró lórí àdéhùn mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa bọ̀ láti òdìkejì. Gbogbo fífẹ̀ títì ni ìlà ń lò, tí ẹ bá sì lo gbogbo fífẹ̀ títì Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀, ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Igun inú kọ́nà tó yà sí òsì wà lápá ibi tí ẹni tó ń bọ̀ ń gbà... rárá, ẹ dúró, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún la ń gbà. Bí kọ́nà bá yà sí òsì, igun inú rẹ̀ wà ní apá ẹni tó ń bọ̀. Bó bá yà sí ọ̀tún, ibi tí ẹ ti máa wọlé láti òde wà ní apá rẹ̀, ibi tí ẹ máa jáde sí náà wà ní apá rẹ̀. Kò sí kọ́nà kankan tí ìlà pápá ò ti ní gbé yín pàdé rẹ̀.

Ìkejì, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn kọ́nà. Nínú géèmù, ẹ ti gba kọ́nà náà nígbà ọgọ́rùn-ún. Nínú rally, ẹnìkan ń kà á sí yín létí. Ṣùgbọ́n níbi tí òkè àti igbó ti bo ojú, ta ló kà á sí yín létí pé tírélà bàjẹ́ sí kọ́nà kejì? Ta ló sọ pé ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, pé òjò àná ti wa kòtò tuntun, pé ọ̀kadà mìíràn gbé ìyàwó àti ọmọ méjì bọ̀?

Ìkẹta, ẹ gbọ́dọ̀ lè tún un bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí èyí. Títì ò ní bọ́tìnì yẹn.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ro èyí nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ti kọ eré The Road láti 1965, nípa àwọn awakọ̀ akẹ́rù àti ikú tó ń dúró dè wọ́n. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń pa èèyàn, ó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò fi mọ sórí ìwé kíkọ. Ní 1977, ó wà nídìí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn awakọ̀ wa ń bẹ Ògún pé kó má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ wọn wẹ̀. Ṣóyínká, tó fẹ́ràn Ògún ju ọ̀pọ̀ wa lọ, rí i pé ó tún yẹ kí ẹnìkan dúró lójú ọ̀nà kó ní, "Ẹ dín eré kù."

Èèyàn mọ́kànlá kú ní Guidizzolo, Ítálì sì ya pápá sọ́tọ̀ kúrò lára títì. Géèmù jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ìyàsọ́tọ̀ yẹn bí: pápá tí kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bùn ńlá ni. Ẹni tó bá wá gbé ìlà inú géèmù padà sójú títì ti da iṣẹ́ gbogbo àwọn tó ti kú rú.

Ohun tó yẹ ká mú jáde

Ṣé kí a wá má gbá géèmù mọ́? Háà, rárá o. Èmi náà ṣì máa gbá a lálẹ́ yìí bí iná bá wà.

Bí ẹ bá fẹ́ yá nínú géèmù, ẹ pa ìlà aláwọ̀ yẹn, ẹ sì pa TouchDrive. Ẹ mú pápá kan tó ní kọ́nà tó so mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ gba kọ́nà tó kẹ́yìn nìkan títí ẹ máa fi mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sẹ́yìn sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ wá bí ẹ ṣe máa gbà á kí ẹ lè dé ibi yẹn. Ẹ máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí dé àkọ́kọ́. Ẹ kọ àkókò yín sílẹ̀. Ó máa yà yín lẹ́nu pé ìgbà tí ẹ bá ń rọra wọ kọ́nà ìkíní ni àkókò yín máa ń dára jù.

Bí ẹ bá wá dé orí ọ̀kadà tàbí inú mọ́tò, ẹ fi ìlà sílẹ̀ nílé, kí ẹ mú mẹ́ta yìí nìkan dání. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀. Ẹ máa wo iwájú jìnnà. Ẹ sì máa rò pé kọ́nà mìíràn so mọ́ èyí tí ẹ ń rí, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Ní apá tiyín o, apá ọ̀tún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún ọmọkùnrin ilé géèmù yẹn. Ó gbọ́ apá ti géèmù dáadáa, ó tiẹ̀ ti dín ìṣẹ́jú àáyá kan kúrò nínú àkókò rẹ̀. Ní ti ọ̀kadà, bọ̀dá rẹ̀ ni mo lọ bá sọ̀rọ̀, a sì ti fẹnu kò pé kọ́kọ́rọ́ ò ní máa wà lórí tábìlì mọ́.

Bí ẹ bá ní àbúrò tó ń gbá géèmù mọ́tò, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ètò yìí, tàbí kó kà á. Kí ẹ sì bi í léèrè, níbi tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan bá wà, bóyá ó ti ń gun ọ̀kadà.